Ta Ló Yan Gàrí Inú Fóònù Rẹ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa nínú Micra láti Òjóò sí Mọ́níyà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn mọ́ra níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, torí yín la ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, orúkọ rẹ̀ ò dùn létí rárá: build system. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń wá ibi tó máa tẹ̀ láti fò ó. Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ti gbìyànjú rí láti kọ́ Python tàbí R lórí fóònù, tẹ́ ẹ tẹ ìlà kan ṣoṣo tí olùkọ́ ní kẹ́ ẹ tẹ̀, tí lẹ́tà pupa wá ya bo ojú fóònù yín bí eṣú tó ya bo oko? Tẹ́ ẹ wá ń sọ lọ́kàn yín pé bóyá ọpọlọ tèmi ni ò gbé e? Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀bi yín kọ́. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlà yẹn, àwọn èèyàn kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kó má ṣẹlẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Òjóò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ tó dé Mọ́níyà níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin wà, ẹ máa rí ẹnubodè IITA. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí yẹn sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 1,000 hẹ́kítà. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí ibi tí èèyàn ti ń lọ najú, tó ní adágún omi àti igbó ẹyẹ. Àmọ́ irúgbìn ló gbé wọn débẹ̀: ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni ká mú, torí kò sí abúlé tẹ́ ẹ máa dé láti Akínyẹlé dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn, tẹ́ ẹ ò ní rí i. Tí àwọn tó ń mú irúgbìn tuntun jáde bá fẹ́ ẹ̀gẹ́ tí àrùn tó ń ká ewé kò ò ní bá fínra, tó sì máa ta dáadáa, wọn kì í gbin ẹyọ kan kí wọ́n máa wo ojú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n máa gbìn pọ̀, níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n ga, wọ́n á wo ewé rẹ̀, wọ́n á wu ú, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tún wo ohun tó wà nínú DNA rẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún un ṣe. Nọ́mbà náà á wá pọ̀ débi pé kò sí ìwé tó gbà á.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní Cassavabase. Iṣẹ́ àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NextGen Cassava ló gbé e jáde. Ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀, yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣíwájú rẹ̀, IITA wà níbẹ̀, ilé ìwádìí ìjọba wa tó wà ní Umudike wà níbẹ̀, àwọn ará Ùgáńdà náà sì wà níbẹ̀. Kóòdù tó ń gbé e ṣiṣẹ́, orí tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ti lò ó. Lónìí, Breedbase ni wọ́n ń pe kóòdù yẹn, òun náà ló wà lábẹ́ Yambase tó jẹ́ ti iṣu àti Musabase tó jẹ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Open source ni. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè rí kóòdù náà, kó kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Kí kóòdù ṣí sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí èèyàn rí i lò, ọ̀tọ̀ ni. Build system ló wà láàárín méjèèjì.

Ẹ wò ó báyìí. Kóòdù tí èèyàn kọ, ẹ̀gẹ́ oko ni. Ẹ ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bó o, ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa rin ín, ẹ máa dì í sápò, ẹ máa fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, ẹ máa jọ̀ ọ́, ẹ máa yan án nínú agbada. Kò tó di gàrí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní C tàbí Fortran. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ kóòdù yẹn di ohun tí èròjà inú ẹ̀rọ lè jẹ. Build system ni ìwé ìlànà àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ó mọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó mọ irinṣẹ́ tó yẹ kó wà nílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti yí nǹkan padà nìkan ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Make ni àgbà wọn. Stuart Feldman ló ṣe é ní Bell Labs lọ́dún 1976, wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní.

Èmi fẹ́ràn ìtàn CMake ju ti Make lọ. Iléeṣẹ́ Kitware ló ṣe é lọ́dún 2000, kì í sì í ṣe pé wọ́n jókòó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe build system. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ka àwòrán inú ara èèyàn fún àwọn oníṣègùn ni wọ́n ń kọ, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń sanwó rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí Windows, kó ṣiṣẹ́ lórí Unix. Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ò gbé e. Wọ́n bá ṣe tiwọn. Àárín àwọn onísáyẹ́ǹsì ni wọ́n ti bí i.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ bá ní kí Python tàbí R lọ gbé láíbúrárì kan wá, gàrí tí wọ́n ti yan ni wọ́n ń gbé fún yín. Ẹnìkan ti ṣe wàhálà ẹ̀ níbòmíràn. Lọ́dọ̀ àwọn oníPython, wheel ni wọ́n ń pe gàrí yẹn. Àmọ́ gàrí yìí ní irú ẹnu tí wọ́n yan án fún. Ti Windows ò bá Linux mu, ti kọ̀ǹpútà onílé ò bá èròjà inú fóònù mu. Tí kò bá sí èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu, ẹ mọ ohun tí pip máa ṣe? Á lọ gbé ẹ̀gẹ́ tútù wá, ti erùpẹ̀ ti erùpẹ̀, á kó o síwájú yín, á ní kẹ́ ẹ máa rin ín. Ẹ ò ní ẹ̀rọ. Ẹ ò ní jáàkì. Ẹ ò ní agbada. Lẹ́tà pupa wá dé.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó ti dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú R, láíbúrárì kan wà tó ń jẹ́ lme4. Òun ni wọ́n fi ń ṣe irú ìṣirò tí àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn kì í fi ṣeré: ṣé ẹ̀gẹ́ yìí ta nítorí pé irú rẹ̀ dára ni, àbí nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí sanra? Ìbéèrè àgbẹ̀ lèyí, Fáṣítì ò dá a sílẹ̀. lme4 ní láíbúrárì mìíràn tó gbára lé, nloptr. nloptr náà gbára lé NLopt, tí wọ́n fi C àti C++ kọ. Tí NLopt ò bá sí nílẹ̀ lórí ẹ̀rọ Linux yín, nloptr á ní kò burú, òun á kọ́ ọ fúnra òun. Kí ni òun máa fi kọ́ ọ? CMake. Tí CMake ò bá sí ńkọ́? Iṣẹ́ dá dúró.

Ẹ wò ó o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ lẹ bá wá. Ẹ ò bèèrè CMake. Ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí láyé yín. Àmọ́ òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹ ò ní wọlé. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Windows tàbí Mac, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, torí CRAN, tó jẹ́ ọjà ńlá àwọn oníR, ti yan gàrí yẹn kalẹ̀ fún yín. Ẹni tó wà lórí Linux, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ò fẹ́ tàbí tí ò lè ra Windows, òun ni wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tútù fún.

Breedbase fúnra ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Perl wà nínú ẹ̀, R wà nínú ẹ̀, PostgreSQL ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní agbo ilé tiẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ohun tí àwọn tó ni ín ṣe ni pé wọ́n lo Docker. Tí mo bá ní kí n fi gàrí ṣàlàyé ẹ̀, wọ́n di gàrí, agbada, ààrò àti gbogbo ilé ìdáná pọ̀, wọ́n ní ẹ gbé e lódidi. Ọgbọ́n ni. Ilé ìwádìí tí ò ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà mẹ́wàá lè gbé e dìde lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, kó má di dandan kó máa yá ti ẹlòmíràn. Èmi ò kàn rò pé ó parí ọ̀rọ̀. Ilé ìdáná odidi kì í fúyẹ́, dátà ló sì ń rù ú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti dátà yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Gbogbo wa ló mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọmọ àǹtí mi kan wà ní Lálúpọn tó ń kọ́ data science. Kò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù Android ló ní, ó fi Termux sí i. Termux ni áàpù tó ń jẹ́ kí èèyàn lo fóònù bíi pé Linux ni. Ó tẹ pip install numpy. Ó wo fóònù títí, fóònù gbóná bí ẹ̀wà àárọ̀, ó já. Ó tún un tẹ̀. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ṣe é. Dátà mi ti ń tán lọ.”

Kò ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn wheel NumPy tó wà fún Linux, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe fún Linux tó ń lo glibc. glibc ni àkójọ iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò inú kọ̀ǹpútà Linux ń ké sí. Android kì í lò ó, tiẹ̀ ń jẹ́ Bionic. Nítorí náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Linux ló wà lábẹ́ Android, pip ò rí gàrí tó bá a mu. Ló bá kó ẹ̀gẹ́ tútù dé. NumPy kì í sì í ṣe ẹ̀gẹ́ kékeré, C àti C++ ló kún inú ẹ̀.

Ohun tó gbà á ò ju ìlà kan lọ: pkg install python-numpy. Àwọn tó ń tọ́jú Termux ti bá a yan án. Wọ́n jókòó, wọ́n tún ìlànà kíkọ́ NumPy ṣe kó lè bá Bionic mu, wọ́n kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń ṣírò. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ àǹtí mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni yẹn ló dúró láàárín ọmọ Lálúpọn àti kó ní “sáyẹ́ǹsì ò wà fún irú wa.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ipò ẹ̀, ẹ gbọ́ èyí náà. Google Colab ń ṣiṣẹ́ nínú bíráwúsà fóònù, tẹ́ ẹ bá sì ní kó gbé láíbúrárì wá, orí kọ̀ǹpútà Google ló ń gbé e sí, dátà yín kọ́ ló ń jẹ. Ẹ máa nílò nẹ́tíwọ̀kì ṣá, tó jẹ́ pé láwọn abúlé kan nínú Ọ̀nà-Àrà, ẹ máa gùn orí òkè kẹ́ ẹ tó rí i. Ìròyìn ayọ̀ mìíràn ni pé láti Python 3.13, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó ni Python ti ka Android mọ́ ara àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpele tó kéré jù ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó máa gbé gàrí gba ibẹ̀ kọjá ló kù, láíbúrárì kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ tún fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí tó bá lọ déédéé? Ẹ ò ní rí i. Ìyẹn ni ìṣòro ẹ̀. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, Python ní irinṣẹ́ kan nínú ilé tó ń jẹ́ distutils, òun ni wọ́n fi ń kọ́ láíbúrárì. NumPy kọ́ tiẹ̀ lé e lórí, SciPy náà gùn ún lẹ́yìn. Àwọn tó ni Python wá ní ó ti gbó, àwọn máa yọ ọ́ kúrò. Wọ́n kéde ẹ̀ ṣáájú, ní Python 3.12 wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹ fojú inú wo ilé tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ yọ ìpìlẹ̀ ẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń gbé inú ẹ̀ lọ́wọ́. SciPy ní Fortran, ó ní C, ó ní C++, ó ní Cython, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde wẹ́kú lórí gbogbo irú ẹ̀rọ.

Meson ni wọ́n sá lọ bá, build system tí ọmọ Finland kan, Jussi Pakkanen, ṣe. Ralf Gommers ló ṣíwájú àwọn tó gbé e ṣe. SciPy kọ́kọ́ bọ́ sórí ẹ̀ ní ẹ̀dà 1.9.0, lọ́dún 2022. NumPy tẹ̀ lé e ní ẹ̀dà 1.26.0, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Python 3.12 tó dé. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé ìkéde ẹ̀dà yẹn, ohun tuntun tí olùlò máa fọwọ́ kàn ò tó nǹkan. Ilé ò mì, onílé ò jí. Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn?

Tí wọn ò bá ṣe é ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá bọ́ sí Python tuntun ni NumPy máa kọ̀ fún. Ẹni tó ń ṣírò òjò, ẹni tó ń ṣírò àìsàn, ẹni tó ń ṣírò ẹ̀gẹ́.

Ó tún wá ní apá tó bani lẹ́rù. Ẹni tó ń yan gàrí fún gbogbo ìlú, ẹ rántí pé ó lè sọ nǹkan sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL (bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí Breedbase ń lò yẹn), kéde pé wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, tó wà lórí ẹ̀rọ Linux káàkiri. Ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kó fura ni pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá. Ibo ni wọ́n gbà kó o wọlé? Inú ìlànà kíkọ́. Kóòdù tó wà ní gbangba, tí gbogbo ayé ń wò, ẹ ò lè rí i tán níbẹ̀. Inú àpò tí wọ́n dì kalẹ̀ fún kíkọ́ ni ìlà tó ń jí i dìde wà. Ẹni tó ṣe é lo ju ọdún méjì lọ láti fi wá ojúure Lasse Collin, ẹnìkan ṣoṣo tó ń tọ́jú xz, tó ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2022 pé wọn ò sanwó iṣẹ́ náà fún òun. Àárẹ̀ ẹnìkan ni olè yẹn gbà wọlé.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá rèé. Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe open source ti pọ̀. Láti 2018 tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom ti dá Open Source Community Africa sílẹ̀, a ti rí ọ̀pọ̀ tó ń ya àwòrán, tó ń kọ ìwé ìlànà, tó ń tún ojú wẹ́ẹ̀bù ṣe. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ibi build, ibi agbada níbi tí èéfín ti ń wọ ojú, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi yangàn lórí CV. Bẹ́ẹ̀, ta ló mọ̀ pé NumPy ò gbé sórí fóònù tí wọ́n rà ní Bódìjà ju ẹni tó ń lò ó lọ? Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ńlá ní Berlin ò ní rí lẹ́tà pupa yẹn láé. Fóònù ẹ̀ ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tiwa ló ń ṣe é. Tí a ò bá sọ fún un, kò ní mọ̀, kì í sì í ṣe ìkà.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí lẹ́tà pupa bá dé, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ má sì ya fọ́tò ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan. Ìlà tó gbẹ̀yìn máa ń sọ pé ó ti kú ni, kì í sọ ohun tó pa á. Ẹ yí i lọ sókè títí ẹ ó fi rí ibi àkọ́kọ́ tó ti kọ “error”. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí orúkọ ohun tí ò sí nílẹ̀: cmake, gfortran, tàbí fáìlì kan tó parí pẹ̀lú .h. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irú fóònù yín, ẹ̀dà Android yín, ẹ̀dà Python yín, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni láíbúrárì náà ní ojúlé iṣẹ́ wọn lórí GitHub. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá wọn lóhùn.

Ọmọ àǹtí mi ti fi méjì ránṣẹ́. Wọ́n ti tún ọ̀kan ṣe. Ìkejì, wọ́n ní kó wá gbìyànjú àtúnṣe náà fúnra ẹ̀, pé àwọn máa tọ́ ọ sọ́nà. Ó bi mí léèrè pé ṣé kí òun gbà. Mo ní kó kọ́kọ́ ra dátà, pé èmi ni máa sanwó oṣù yìí.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ fi lẹ́tà pupa tiyín ránṣẹ́ sí wa, a máa kà díẹ̀ lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.